Sí Àwẹ̀ró, Nípa Ọdún Mẹ́wàá Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Rẹ

Lomé, ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ọjà

Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àbúrò bàbá rẹ obìnrin ti bí ọkùnrin. Ọmọ náà tóbi, ó sì ń sunkún bí ẹni tí ayé jẹ ní gbèsè. Obìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì, nítorí náà gbogbo àgbàlá wa ò mọ oorun mọ́. Rẹ̀bẹ́kà tí ẹ jọ máa ń pọn omi ti lọ sílé ọkọ ní Aneho. Aránṣọ ni ọkọ rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni méjì ti wá béèrè ìwọ náà lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé o kò sí nílé. Ẹni kejì ní òun máa dúró dè ọ́. Mo ní kó wá ìjókòó.

Lẹ́tà rẹ dé láti Palimé, mo sì kà á fúnra mi, láìpe ẹnikẹ́ni. O ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti gbà ọ́, àti pé ìjọba máa fún ọ ní búrúsì, ìyẹn owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí o gbà láti di olùkọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Oúnjẹ, ibùsùn, aṣọ, ìwé, àti owó kékeré lóṣooṣù. O ní bí o bá jáde, wàá sìn wọ́n fún ọdún mẹ́wàá níbi tí wọ́n bá rán ọ lọ, àti pé bí o bá kúrò kó tó pé, ẹni tó fọwọ́ sí i fún ọ ni yóò san gbogbo ohun tí wọ́n ná lé ọ lórí padà. Bàbá rẹ ti sùn, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Èmi ni mo tọ́ ọ, èmi náà ló kù láti fọwọ́ sí i. O wá béèrè ní ìparí pé, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí?" Ìbéèrè náà dà bí ti ẹni tó ti wọ bàtà tán.

Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà ná, kí o jókòó.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú ọjà tí mo ti ń tà láti ìgbà tí mo ti dé Lomé, mi ò tíì rí ẹni tó ń fi èènì púpọ̀ tà láìnídìí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ òwò aṣọ, ọkùnrin kan kó aṣọ wá bá mi. Aṣọ náà nípọn, ó wúwo lọ́wọ́, ó sì pọ́n bí ojú ọjọ́ tó ń là. Ó tún fi ọ̀pá méjì ṣe èènì fún mi. Mo gbà á, mo ń fò sókè. Oníbàárà tó kọ́kọ́ rà á lọ fọ̀ ọ́, ó sì gbé e padà wá ní ọjọ́ kejì. Ó ní, "Dada, ìyá mi, ẹ wo aṣọ yín. Ẹja ni kí n fi mú ni?" Ó ti di àwọ̀n. Sítáàṣì ló gbé gbogbo ìwúwo yẹn dúró. Láti ìgbà náà, mi ò ra aṣọ kankan láì rẹ igun rẹ̀ sínú omi. Màá fi ọwọ́ ra á, màá wo ohun tó kù.

Nítorí náà mo rẹ igun búrúsì rẹ sínú omi.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí ìwé àdéhùn tí o fi sínú lẹ́tà rẹ sọ. Faransé tí mo gbọ́ kò kọjá ti ọjà, Yorùbá nìkan ni mo sì lè kà, èyí tí mo kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà lẹ́yìn ilé ìsìn. Mo mú un lọ bá Olùkọ́ Dáníẹ́lì tó ń kọ́ wa. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, mo dúpẹ́. Lẹ́yìn náà mo mú un lọ bá ọkùnrin kan tó ń pààrọ̀ owó ní Kodjoviakopé, mi ò sọ fún un pé ẹnì kan ti kà á ṣáájú. Mo tún mú un lọ bá akọ̀wé kan ní wáàfù, mi ò sọ fún òun náà. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Ìyẹn gan-an ló wá bà mí lẹ́rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí wọ́n ti lè pàdé.

Nígbà tí Olùkọ́ Dáníẹ́lì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Mama, bí ẹni mẹ́ta bá ka Bíbélì tí wọ́n sì sọ ohun kan náà, ẹ máa ní wọ́n gbìmọ̀ ni?"

Mo ní, "Bíbélì kò ní kí n san owó kankan padà."

Àwẹ̀ró, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, nítorí ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Lomé kò mọ̀ ọ́n. Ní Ṣakí, nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi yá owó láti fi sin bàbá rẹ̀. Kò ní ohun tó lè fi dógò, nítorí náà ó fi ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ilé wa ni Àdùkẹ́ ń sùn, orúkọ bàbá wa ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ilé olówó ló ń lọ. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ran òwú, ó ń fọ́ èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí.

Mo rò nígbà náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ gbèsè náà lọ díẹ̀díẹ̀, bí ọṣẹ ṣe ń tán lọ́wọ́ ẹni tó ń fọṣọ. Ní ọjọ́ kan mo bi bàbá mi pé, "Bàbá, ó kù mélòó?"

Ó ní, "Kí ló kù mélòó?"

"Owó tí Àdùkẹ́ ń fi iṣẹ́ san."

Ó wò mí lọ títí. Ó ní, "Owó náà wà bó ṣe wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé."

Ṣé o gbọ́? Èlé ni. Àdùkẹ́ lè sìn wọ́n títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun, owó náà ò ní fi ẹyọ kan dín.

Olówó náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn ni mo sì fẹ́ kó yé ọ jù. Ó máa ń fún Àdùkẹ́ ní ẹran nígbà ọdún. Àwọn ìyàwó rẹ̀ máa ń di irun fún un. Nígbà tí ó wá dàgbà tó sì rẹwà, olówó ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí gbèsè kú, kí òun fi ọmọ náà ṣe aya. Inú bàbá mi dùn, ó ní Ọlọ́run ti ṣe é. Àdùkẹ́ ní, "Bàbá, ta ló bi mí léèrè?"

Bàbá mi ní, "Gbèsè ni wọ́n bi."

Ìyá mi dìde. Ó wọ yàrá, ó gbé ìkòkò kan jáde. Láti ọjọ́ tí Àdùkẹ́ ti wọ ilé olówó, gbogbo ọjọ́ ọjà tí ìyá mi bá ta òrí ló ń ju owó ẹyọ sínú ìkòkò náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ó rù ú lọ sílé olówó, ó dà á sílẹ̀ lójú àwọn àgbà. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn: ẹni tó bá ti kó owó ìwọ̀fà wá pé, olówó kò lè ní kó máa gbé e padà. Àdùkẹ́ bọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dìde, ó tún gba ọ̀nà ilé olówó. Ìyá mi figbe ta. Àdùkẹ́ ní, "Ìyá, ẹ má pariwo. Òwú kan wà tí mi ò tíì ran tán, ìyáálé wọn sì ṣe dáadáa sí mi. Lónìí, ọwọ́ ara mi ni mo máa fi ran án." Ó ran án tán, ó jẹun lọ́dọ̀ wọn, ó sì padà wálé. Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe rìn wọlé.

Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ nìyẹn. Wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á sì ní kí o wá máa ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá. Mo ní kí n má fi ejò Ṣakí sá fún okùn Lomé. Mo wá ẹni tó ti gba owó yìí rí. Wọ́n júwe olùkọ́ kan fún mi ní Tokoin, tó kọ́ ìṣirò bíi tìrẹ, tó sì ti sin ọdún mẹ́wàá rẹ̀ pé. Mo ra ọsàn dání, nítorí ẹni tó ń jẹun kì í lè purọ́ dáadáa.

Mo ní, "Ṣé wọ́n san owó tí wọ́n ní àwọn máa san?"

"Wọ́n san án, Mama. Ó máa ń pẹ́ ni."

"Ó máa ń pẹ́ tó báwo?"

"Títí a ó fi lá ìsàlẹ̀ àpò gààrí."

"Ta ló yan ibi tí wọ́n rán ọ lọ?"

"Àwọn ni. Òkè pátápátá, níbi tí mi ò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ sunkún. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tó jẹ́ ìṣirò ni wọ́n ń náwó lé lórí bẹ́ẹ̀?"

Ó fi ọsàn sílẹ̀. "Nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í dúró. Àwọn onílé-iṣẹ́ òwò á gbà á, wọ́n á san ìlọ́po méjì fún un. Àwọn ọmọ á wá jókòó síwájú pátákó tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí."

"Nítorí náà wọ́n fi okùn dè yín mọ́ ìdí pátákó."

Ó ní, "Mama, ẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ bí aṣọ́bodè Aflao. Ṣé kí n tú àpò mi?"

Mo ní, "Mi ò tíì débẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọdún mẹ́wàá rẹ pé, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò wá. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí kíláàsì, nítorí àwọn ọmọ ti jókòó. Ìyàwó mi ló rántí lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ó ti pé."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ọ̀nà títí mo fi délé. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n tú òun sílẹ̀, ṣé wọ́n tú u? Àbí okùn ti já tipẹ́, ó kàn wù ú láti dúró ni? Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ fún mi. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Mo gbìyànjú láti ka ojú yẹn sí ẹ̀tàn, kò gbà fún mi.

Nítorí náà gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe, kí o má sì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé ìyá rẹ àgbà ti ń ṣarán.

Èkíní, Olùkọ́ Dáníẹ́lì fi Bíbélì búra fún mi pé ìwé náà ní bí ọdún mẹ́wàá bá ti pé, gbèsè parí, kò sí ohun tó kù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ rẹ ń jẹ owó náà bí mo ṣe rò nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìyẹn dára. Síbẹ̀, má ṣe bíi ti olùkọ́ Tokoin. Mọ ọjọ́ tó máa pé. Bó bá pé, lọ bá wọn fúnra rẹ, kí o ní kí wọ́n kọ ọ́ fún ọ pé o ti sìn tán. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù ọ́, padà sí kíláàsì rẹ.

Ní èkejì, tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ. Ìgbà Jámánì ni mo dé ìlú yìí. Wọ́n kọ́ ilé tó lágbára, wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ń rìn bí ẹni tí kò ní lọ láé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan la jí, a ò rí wọn mọ́. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún di ìlérí rẹ̀ mú lọ́wọ́ títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn Faransé náà ń rìn bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Ìgbà ò lọ bí òréré. Ìjọba tó dè ọ́ lè má jẹ́ èyí tó máa tú ọ, nítorí náà jẹ́ kí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ tí o lè fi han ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga náà.

Èyí tó kàn yìí ló wúwo jù. Ọ̀gá kan máa wà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì mọ ìlú tí o máa ti pàdé rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín sí ọ, á ní òun lè bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n má rán ọ lọ sókè, àbí kí wọ́n dín ọdún rẹ kù. Á ṣe dáadáa sí ọ gan-an. Rántí ẹran tí Àdùkẹ́ jẹ nígbà ọdún. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Sọ fún un pé o fẹ́ sin ọdún mẹ́wàá rẹ pé pérépéré, kí o sì kí i pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán.

Bí ọkùnrin bá fẹ́ fẹ́ ọ, àní èyí tó ń wá ìjókòó níbí yìí, sọ ti ọdún mẹ́wàá fún un kí o tó sọ orúkọ oúnjẹ tí o fẹ́ràn. Èyí tó bá dákẹ́ láti rò ó, ó lè jẹ́ ọkọ. Èyí tó bá ní kò sí wàhálà kí o tó sọ̀rọ̀ tán, kò gbọ́ ohun tí o sọ.

Má ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ jọ máa sùn sórí ẹní kan. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Má jẹ́ kí igi ẹlòmíràn wó dí ọ̀nà rẹ.

Oúnjẹ tí wọ́n bá sì gbé fún ọ, jẹ ẹ́ yó. Ìwé tí wọ́n bá fún ọ, kà á já. Mọ ìṣirò náà ju ẹni tó ń kọ́ ọ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí olówó ò lè gbà padà lọ́wọ́ Àdùkẹ́ ni bó ṣe mọ òwú ran, ìyẹn ló sì fi jẹun títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ó ti tó. Lánàá, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kò tíì ní irùngbọ̀n. Ó ní, "Dada, ọkùnrin ilé yín dà? Ọkùnrin ló yẹ kó fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Ọkùnrin ilé mi wà ní itẹ́ òkú. Bí o bá fẹ́ dúró dè é, màá yá ọ ní àpótí."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nínú yàrá, ó pẹ́ kó tó jáde, ó sì ti tìmùtìmù yíǹkì síwájú mi. "Ó dáa, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Gègé ìkọ̀wé tìẹ yẹn ńkọ́, ṣé kì í kọ ni?"

Mo kọ orúkọ mi, gbogbo rẹ̀, títí kan ti bàbá mi. Mi ò kánjú. Mo dúró kó fi òǹtẹ̀ lù ú lójú mi, mo sì ní kó kọ ẹ̀dà kan fún mi. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Mo wá ìjókòó, bíi ti ọkọ rẹ yẹn. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó kọ ọ́. Ẹ̀dà náà wà nínú lẹ́tà yìí.

Nítorí náà mo ti fọwọ́ sí i, Àwẹ̀ró. Ìsọ̀ mi àti aṣọ inú rẹ̀ ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ báyìí. Kì í ṣe pé mo gbà wọ́n gbọ́. Mo ti fi ọwọ́ ra igun rẹ̀ títí, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá gbogbo ohun tó nípọn níbẹ̀ ni òwú. Ìwọ ni mo gbà gbọ́, àti àwọn ọmọ tó jókòó síwájú pátákó tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí. Àti ìkòkò ìyá mi.

Owó wà nínú àpò aṣọ tí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá máa fi lé ọ lọ́wọ́. Kì í ṣe owó oúnjẹ. Ìjọba ní àwọn máa bọ́ ọ, kí wọ́n bọ́ ọ. Kì í ṣe owó bàtà. Wá ibi tí o máa fi í pamọ́ sí, kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí o má sì ná an, bó ti wù kí ọjọ́ náà le tó. Gbogbo ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, màá fi òmíràn kún un. Nígbà tí o bá ń gba owó iṣẹ́, ìwọ náà máa fi kún un. Bí ọjọ́ kan bá dé tí iṣẹ́ náà di èlé lọ́rùn rẹ, dà á sílẹ̀ lójú wọn, kí o máa bọ̀ wálé, mi ò ní bi ọ́ léèrè ohunkóhun. Bí ọjọ́ náà ò bá sì dé, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Jí ní òwúrọ̀, lọ bá àwọn ọmọ rẹ, kí o mọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ lo fi ń kọ̀wé sára pátákó.

Èmi ìyá rẹ àgbà, tó ń ṣọ́ ọ̀nà títí o ó fi dé.

Owó tó wà nínú àpò náà: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fáráǹkì.